Owó ìrànwọ́ láti fi kọ́ àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì ní ìgbèríko: ta ni ó ń fún ni, kí sì ni ó yẹ kí a fi ṣe?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìlera

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera nínú ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà òjò tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ dá mi lóhùn ní kíkún.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọ̀kadà méjì kọlu ara wọn ní ojú ọ̀nà tí ó wọ ìlú wa. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún dá, eegun yọ sí ìta, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde. Àwọn ènìyàn tí ó pé lé e lórí lé ní ogójì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹnìkan da omi sí i lórí, ẹnìkan sáré lọ wá epo pupa, àwọn mìíràn gbé e ní apá àti ní ẹsẹ̀ sórí ọ̀kadà mìíràn, wọ́n há a mọ́ àárín ènìyàn méjì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí kò ti sí òṣìṣẹ́ kankan ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wákàtí méjì ti kọjá. Wọ́n gbé e dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dànù ni ó pa á, àti pé bí ẹnìkan bá ti fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó yè. Mo wà níbẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, n kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ wa ti ń dá owó jọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ kí a ra áńbúláǹsì àlòkù. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́, kí a sì wá owó ìrànwọ́, ìyẹn owó tí a kì í dá padà, kún èyí tí ó wà lọ́wọ́. Ṣé mo ṣìnà ni? Bí n kò bá ṣìnà, ta ni ó ń fún irú ẹgbẹ́ bíi tiwa ní owó fún irú iṣẹ́ yìí, kí sì ni wọ́n máa ń fẹ́ rí kí wọ́n tó fún ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí o. Kí Olódùmarè tu àwọn òbí rẹ̀ nínú. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fi mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a ń pè ní CHEW.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì. Ẹ má tíì rà á. Ọkọ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nínú rẹ̀, ọkọ̀ èrò lásán ni; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin yẹn lórí ọ̀kadà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ epo, ó ń jẹ táyà, awakọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba owó oṣù. Mo mọ ìjọba ìbílẹ̀ kan tí wọ́n fún ní áńbúláǹsì tuntun. Kò pé ọdún méjì tí ó fi dúró sábẹ́ igi máńgòrò láìní táyà.

Láti ọdún 1994 ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí ikú aboyún ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìdádúró mẹ́ta: ìdádúró kí ará ilé tó pinnu láti gbéra, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí a bá ti dé ilé ìwòsàn. Áńbúláǹsì kò kan ju ìkejì lọ. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní abúlé lè dín ìkíní kù, nítorí òun ni yóò wo ìyálọ́mọ tí yóò sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a máa lọ. Ó sì lè dín ìkẹta kù bí ó bá tẹ ilé ìwòsàn láago kí aláìsàn tó dé, kí wọ́n lè ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ ó kọ́ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ìwé mẹ́wàá ni a sábà máa ń yàn. Bí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, wọ́n á gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ láti wá iṣẹ́, n kò sì bá wọn wí. Ẹ wo àwọn tí kì í kúrò ní ìlú: ọlọ́kadà tí ó ti kọ́lé tí ó sì ti níyàwó, ìyálọ́jà, ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tí ń gbẹ̀bí. Ní Gánà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 sọ nípa awakọ̀ èrò 335 tí wọ́n kọ́ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún wákàtí mẹ́fà péré. Dọ́là 3 ni owó tí wọ́n ná lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì fi ohun ìní wọn ṣe ìrànwọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ fi ọ̀rọ̀ wá díẹ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà lẹ́nu wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ìdá 61 nínú 100 wọn ti fi ohun tí wọ́n kọ́ ran ẹnìkan lọ́wọ́. Awakọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá. Ẹ̀kọ́ náà bá a níbi tí ó wà.

Ní agbègbè yín, ohun tí mo máa fi sí iwájú ni dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, títún ọ̀nà èémí ṣe fún ẹni tí ó dákú, àti gbígbé ẹni tí ọrùn tàbí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti fara pa. Lẹ́yìn èyí ni ti aboyún: ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lẹ́yìn ìbímọ, àti gìrì tí ń mú aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ti ejò kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, nítorí ìlú àgbẹ̀ ni yín. Ẹni tí ejò bù jẹ, kí a má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí a má fi ẹnu fa ojú ibẹ̀, kí a má sì fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin bí a ti máa ń ṣe. Kí a jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí a fi igi ti ẹsẹ̀ náà kí ó má baà máa mì, kí a sì gbé e lọ sí ibi tí oògùn ejò wà.

Gbogbo èyí kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ohun tí ó ṣòro ni kí ó má ṣí kúrò lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ọwọ́ kò bá ṣe fún oṣù mẹ́fà, ọkàn á gbàgbé rẹ̀. Mo ti jókòó níbi ìpínwèé-ẹ̀rí tí ó pọ̀, tí a ya àwòrán, tí a jẹ ìrẹsì, tí ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tí a kọ́. Nítorí náà, owó yòówù tí ẹ bá bèèrè, ẹ kọ́kọ́ ya ti ọdún kejì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ní Amẹ́ríkà

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Inú ọkọ̀ áńbúláǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní agbègbè àwọn àgbẹ̀ níhìn-ín, níbi tí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wa ti jìnnà ju wákàtí kan lọ fún àwọn mìíràn. Ẹ lè rò pé owó pọ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, àwọn tí ń dáhùn ìpè pàjáwìrì kì í gba owó oṣù. Olùyọ̀ǹda ni wọ́n, wọ́n ń ti oko àti ìsọ̀ jáde bí fóònù bá dún. Wọ́n ń darúgbó, àwọn ọmọ kò sì rọ́pò wọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ètò kan sínú òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. SIREN ni a ń pè é. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ SAMHSA ni ó ń pín owó náà, ó sì lè fún ilé iṣẹ́ áńbúláǹsì ìgbèríko kan, ti ìjọba tàbí èyí tí kì í ṣe ti èrè, ní tó dọ́là 200,000. Wọ́n lè fi wá òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n lè fi kọ́ wọn, wọ́n lè fi ra irinṣẹ́, wọ́n sì lè fi tún àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ wá ìdá 10 nínú 100 láti àpò ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yín kò lè bèèrè owó yìí, Akọ̀wé, nítorí ti abẹ́lé níhìn-ín ni. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ẹ ó rí i bí àwọn tí ó ṣe òfin náà ti rò ó. Wọn kò sanwó fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ìwé ẹ̀rí àwa olùtọ́jú inú áńbúláǹsì ti ìpele EMT, èyí tí ó jẹ́ ìpele ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ọdún méjì ni ó máa ń lò, a sì gbọ́dọ̀ parí wákàtí 40 nínú ẹ̀kọ́ àtúnṣe kí a tó tún un gbà. Ohun tí Màmá sọ nípa ọdún kejì, inú ìlànà iṣẹ́ wa ni ó wà.

Mo tún fẹ́ sọ ìtàn kan nítorí àwọn tí yóò sọ fún yín pé ọlọ́kadà àti ọdẹ kò lè kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1967, ní ìlú Pittsburgh, wọ́n kó àwọn ènìyàn dúdú tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ jọ ní àdúgbò Hill District, níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó ń gbé aláìsàn nígbà náà. Dókítà Peter Safar ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà sì tó nǹkan bí 300 wákàtí. Freedom House ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú áńbúláǹsì tí gbogbo ayé ń pè ní paramedic lónìí. Ní ọdún 1975, ìjọba ìlú gba iṣẹ́ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, Freedom House sì tú ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kò sì rí àyè dúró sí nínú èyí tí ó rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ìjọba bá gba iṣẹ́ yìí ṣe lọ́jọ́ iwájú, àwọn ènìyàn yín ni yóò kọ́kọ́ gbà.

Alága Gáréèjì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Awakọ̀ ni mí, èmi sì ni alága gáréèjì kan ní apá ibí yìí. Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ohun tí ó ń dẹ́rù bà wá. Bí awakọ̀ bá gbé ẹni tí ó fara pa, àwọn kan ní ilé ìwòsàn yóò ní kí ó san owó ìbẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá yóò sì ní kí ó wá sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, bóyá òun gan-an ni ó gbá a. Mo mọ awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ kọ́ wa, a ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá níyanjú, ọ̀pọ̀ yóò yà á kọjá.

Mo sì gbọ́ pé nígbà kan ní ìpínlẹ̀ Gombe, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wa máa ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn láìgba owó iṣẹ́, ohun tí wọ́n sì fi san án fún wọn ni pé bí ẹni tí ó gbé aboyún bá padà dé, iwájú ìlà ni yóò ti kó èrò. Èyí wù mí. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, gbogbo awakọ̀ ni ó sì mọ iye tí iwájú ìlà tó.

Alákòóso Iṣẹ́ Àkànṣe, Ìbàdàn

Alága, ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè owó ti máa ń ṣófo. Òfin wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ti mọ̀ lọ. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó jẹ́ ìdí. Ìtanràn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Fún ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 sọ pé kí ilé ìwòsàn gbà á yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá, ó sì sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó gbé e wá, kí a má fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú tì í. Èmi yóò fi ọjọ́ kan sí inú ètò ẹ̀kọ́ náà tí ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè àti ọ̀gá ilé ìwòsàn yóò jókòó níwájú àwọn awakọ̀, tí wọ́n yóò sì fi ẹnu ara wọn ka òfin wọ̀nyí.

Nípa owó, Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Òfin ọdún 2014 kan náà ni ó dá àpò owó tí wọ́n ń pè ní BHCPF sílẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀, a sì ya ìdá 5 nínú 100 àpò náà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. NEMSAS ni orúkọ ètò tí ń bójú tó èyí. Ó wà fún sísan owó áńbúláǹsì àti ti ìtọ́jú fún wákàtí 48 àkọ́kọ́, ó sì ní apá kan tí ó wà fún ìgbèríko àti gbígbé aboyún, èyí tí wọ́n ń pè ní RESMAT. Owó yìí kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìlú tààrà. Ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á wọlé. Síbẹ̀, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ń bójú tó ètò pàjáwìrì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ó ní awakọ̀ àti olùtọ́jú tí ó ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ wúlò ju owó kékeré lọ, nítorí gbogbo olùfúnni ni yóò bèèrè bóyá ìjọba mọ̀ nípa iṣẹ́ náà.

Nínú àwọn tí ń fúnni ní owó láti òkèèrè, méjì ni mo mọ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ní ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ilé àti irinṣẹ́, wọn kì í san owó oṣù, nítorí náà ohun èlò ẹ̀kọ́ àti ti ìtọ́jú ni ẹ lè gbé lọ bá wọn. Èkejì ni owó ìrànwọ́ àgbáyé ti ẹgbẹ́ Rotary. Ẹgbẹ́ ìlú kò lè bèèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ Rotary kan ní Nàìjíríà àti òmíràn ní òkèèrè ni yóò jọ bèèrè rẹ̀, ètò ìnáwó náà kò sì gbọdọ̀ dín ní dọ́là 30,000. Ibí yìí ni àwọn ọmọ yín tí ó wà ní òkèèrè ti wúlò: kì í ṣe kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ nìkan, bí kò ṣe kí wọ́n wá ẹgbẹ́ kejì náà. Bí dọ́là 30,000 bá pọ̀ jù fún ìlú kan, ẹ jẹ́ kí ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó wà ní ojú ọ̀nà kan náà parapọ̀.

Rotary yóò bèèrè ìwádìí tí ẹ ti ṣe ní ìlú kí ẹ tó kọ ìwé. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ẹ ka ìwé àkọsílẹ̀ ọdún méjì, ẹ kọ iye ìjàǹbá ọ̀kadà, iye aboyún tí a gbé lọ sí ibòmíràn, iye ẹni tí ejò bù jẹ, àti iye wákàtí tí ó gba ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó rí ìtọ́jú. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Mo ti ka ìwé ìbéèrè owó tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ojú ewé kan tí ó ní irú iye wọ̀nyí máa ń mú mi dúró ju ogún ojú ewé ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn alágbàtọ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣọ́ fífi owó pamọ́ lọ́nà èrú, nítorí báńkì yóò bèèrè rẹ̀. Owó tí ó bá wọ àpò ẹnìkan ṣoṣo, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ nínú ìlú.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìlera

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn yín sí etí ìgbìmọ̀ wa ní àná, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀gànjọ́ kí a tó túká. Àwọn tí ó fẹ́ áńbúláǹsì kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé kí a fi ọdún kan sí i. Ìdajì owó tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a ó fi kọ́ ènìyàn mẹ́rìnlélógún: ọlọ́kadà mẹ́wàá, ọdẹ mẹ́fà, obìnrin ọjà márùn-ún àti olùkọ́ mẹ́ta. Ìdajì kejì yóò wà ní báńkì fún ìbọ̀wọ́, báńdéèjì àti ẹ̀kọ́ àtúnṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti ọdún kejì, a kò sì ní fọwọ́ kàn án kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé. Ẹgbẹ́ wa ti wà ní CAC láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní SCUML. Mo ń lọ sí Ìbàdàn nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Èmi fúnra mi yóò bá àwọn akọ̀wé ìlú mẹ́ta tí ó wà ní ojú ọ̀nà wa sọ̀rọ̀ nípa Rotary.

Alága, a ti bá àwọn ọlọ́kadà sọ ọ̀rọ̀ iwájú ìlà náà. Kò sí ẹni tí ó takò ó.

Màmá Nọ́ọ̀sì, a bẹ̀ yín, ṣé ẹ lè wá kọ́ wọn ní ìpele àkọ́kọ́? Àwọn ọdẹ ń sùn ní àárọ̀, àwọn obìnrin kò sì ní àyè ní ọjọ́ ọjà. Ìgbà wo ni ẹ rò pé ó dára jù?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Màá wá. Ẹ fi sí ọjọ́ kejì ọjà, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí àwọn ọdẹ lè ti sinmi, kí a sì ṣe é ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ má ṣe wàhálà lórí gbọ̀ngàn ńlá; iyàrá ilé ìwé kan tí ó ní ilẹ̀ tí a lè dùbúlẹ̀ sí ti tó. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú aṣọ àlòkù méjì tí ó mọ́ wá láti ilé. Ẹ̀jẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.